Ọ̀nà Àbọ̀: Ìṣọ́ra Nígbà Tí A Bá Ń Fi Sọ́fítíwià Ránṣẹ́ sí Àwọn Ẹ̀rọ Unix Tó Jìnnà sí Wa

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń tọ́jú sáfà, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, mo kí gbogbo yín. Àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe ni mo fẹ́ fi ṣí ọ̀rọ̀ mi, nítorí pé ọjọ́ tí mo ṣe é ni mo tó mọ ohun tí mo wá bá yín sọ lónìí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, mo jókòó sí Ìbàdàn, mo ń tọ́jú ẹ̀rọ 34 tó ń lo Ubuntu, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan nínú ìdílé Unix, fún ilé-iṣẹ́ kan tí ẹ̀ka rẹ̀ wà káàkiri ìpínlẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní kí n fi ẹrù sọ́fítíwià kékeré kan, ohun tí àwa oníṣẹ́ yìí ń pè ní package, ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Èmi náà ni mo di ẹrù ọ̀hún. Nínú àkójọ àṣẹ tó máa ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹrù bá ti balẹ̀ tán, mo kọ ìlà kan pé kí ó tan firewall, ògiri tó ń dá ìsopọ̀ tí a kò gbà láàyè dúró, èyí tí Ubuntu ń pè ní ufw, mo sì fi --force sí i kí ó má baà bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ohun tí mo gbàgbé ni pé kí n kọ́kọ́ ṣí ojú ọ̀nà 22 tí SSH, ètò tí a fi ń wọ ẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn, ń gbà wọlé sílẹ̀. Mo fi Ansible, ètò tó ń pàṣẹ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, rán an. Gbogbo ẹ̀rọ 34 ló dáhùn pé iṣẹ́ ti parí, kò sí ìlà pupa kan ṣoṣo nínú èsì náà, inú mi dùn, mo pa ojú iṣẹ́ mi dé, mo lọ jẹun.

Ẹ óò béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe dáhùn dáadáa bí ọ̀nà bá ti dí. Bí ufw bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kì í já ìsopọ̀ tó ti wà nílẹ̀. Ìsopọ̀ tuntun ló máa ń dá dúró. Ilẹ̀kùn ti tì, ṣùgbọ́n nítorí pé inú ilé ni mo ṣì wà, n kò mọ̀. Ìgbà tí mo jẹun tán tí mo fẹ́ padà wọlé ni mo tó rí i pé kò sí ẹ̀rọ kan tó máa dá mi lóhùn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú, inú mọ́tò ni mo wà, láti Ọ̀ṣogbo dé Àkúrẹ́, láti Àkúrẹ́ dé Òǹdó, mo gbé kíbọ́ọ̀dù kan sínú báàgì. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ìlà kan náà ni mo lọ ń tẹ̀: ufw allow 22/tcp.

Láti ìgbà náà, ohun kan ni mo gbà gbọ́ ju gbogbo ohun tí àwọn ìwé ìtọ́ni máa ń sọ lọ. Kí a tó rán ẹrù lọ, ó yẹ kí á ti mọ ọ̀nà tí a óò gbà padà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ náà bí ẹrù bá bà á jẹ́, ọ̀nà àbọ̀ yẹn kò sì gbọdọ̀ gba inú ohun tí ẹrù náà fẹ́ yí padà. Àwọn ìṣọ́ra yòókù tí mo fẹ́ mẹ́nu bà, abẹ́ èyí ni wọ́n wà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ẹrù náà fúnra rẹ̀. Gbogbo wa la ti fi nǹkan ránṣẹ́ láti gáréèjì rí: a di í, a kọ nọ́ńbà fóònù sí i lára, a fún dẹ́rẹ́bà, ẹni tó wà ní òdìkejì sì lọ gbà á. Ẹrù inú mọ́tò kì í tú ara rẹ̀. Ẹrù sọ́fítíwià ní tirẹ̀ máa ń tú ara rẹ̀, yóò sì tún máa pàṣẹ nínú ilé tí ó dé. Nínú ẹrù Debian, ètò ìṣiṣẹ́ tí Ubuntu ti jáde wá, àti ti Ubuntu, àkójọ àṣẹ mẹ́rin ló lè wà níbẹ̀: preinst tó ń ṣiṣẹ́ kí fáìlì tó balẹ̀, postinst tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ó bá balẹ̀, prerm àti postrm tó jẹ́ ti ìgbà tí a bá fẹ́ yọ ọ́ kúrò. Agbára root ni gbogbo wọn ń lò, root yìí sì ni baálé ilé tí ẹnikẹ́ni kò lè bi pé kí ló dé. Bákan náà ló rí fún ẹrù rpm ti Red Hat àti Fedora, àti fún fáìlì .pkg lórí Mac, nítorí pé ọmọ ìdílé Unix ni Mac náà. Nítorí èyí, ẹrù tí kì í ṣe àwa la dì í, ẹ jẹ́ kí á tú u wò kí á tó rán an. Àṣẹ dpkg-deb -e yóò kó àwọn àkójọ àṣẹ inú rẹ̀ sí ìta fún yín láti kà. Ní ti rpm, rpm -qp --scripts ni. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni kíkà á máa ń gbà mí. Ká ní mo fún ẹlòmíì ní ti ọjọ́ Ẹtì yẹn kà ni, ó dá mi lójú pé ìlà ufw yẹn ni yóò kọ́kọ́ bi mí léèrè.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ pé ta ló di ẹrù. Àwọn baba wa máa ń fi àrokò ránṣẹ́ kí ẹni tó gbà á lè mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹni tí ìránṣẹ́ dárúkọ ni iṣẹ́ ti wá lóòótọ́. Ìbuwọ́lùwé GPG, tí a fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ ṣe, ni àrokò tiwa, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n so ó mọ́ kò dọ́gba, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ní ti rpm, ara ẹrù gan-an ni ìbuwọ́lùwé wà. Ní ti Debian àti Ubuntu, kò sí lára ẹrù. Ara fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní InRelease ló wà, fáìlì yìí gbé àmì SHA256, nọ́ńbà tó máa ń yí padà bí ohun kékeré bá yí nínú fáìlì, ti ìwé àkójọ àwọn ẹrù, ìwé àkójọ náà sì gbé àmì SHA256 ti ẹrù kọ̀ọ̀kan. Apt, ètò tó ń wa ẹrù wá láti ibi ìkó-ẹrù-sí, ló ń tọ ìsopọ̀ yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá wa fáìlì .deb kan jáde láti ibì kan, tó fi àṣẹ scp gbé e dé ẹ̀rọ, tó sì fi dpkg -i tú u síbẹ̀ tààrà, ti fo gbogbo àyẹ̀wò yẹn kọjá, ẹ̀rọ kò sì ní kìlọ̀ fún un. Mo mọ̀ pé a máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ojú bá ń kán wa. Ẹ gbé ibi ìkó-ẹrù-sí tiyín kalẹ̀, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tiyín bu ọwọ́ lù ú, kí apt lè máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, àrokò a máa sọ ẹni tó rán iṣẹ́, kì í sọ pé iṣẹ́ náà dára. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2024, Andres Freund, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ PostgreSQL, sọ́fítíwià ìkó-dátà-sí, sọ fún gbogbo ayé pé ẹnìkan ti fi ọ̀nà ẹ̀bùrú sínú xz, sọ́fítíwià tó ń fún fáìlì pọ̀, nínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Ohun tó jẹ́ kí ó fura ni pé wíwọlé pẹ̀lú SSH lórí ẹ̀rọ rẹ̀ fi bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ẹrù tó gbé xz yẹn dé Debian unstable àti Fedora Rawhide, ibi tí ẹ̀dà tuntun ti ń kọ́kọ́ dé, ní ìbuwọ́lùwé tó péye, kò sí èyí tó jẹ́ ayédèrú nínú wọn. Ohun tó gba àwọn tó ń lo Debian stable là ni pé ẹ̀dà tuntun kì í tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ọ̀gá yín bá ń béèrè pé kí ló dé tí ẹ kò tíì fi ẹ̀dà tó jáde lánàá sí gbogbo ẹ̀rọ.

Yorùbá ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Nínú iṣẹ́ tiwa yìí, ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún gan-an ló yẹ kí á bẹ̀rù, ìyẹn ẹ̀rọ tó wà lọ́hùn-ún tí a kò rí ojú rẹ̀. Ṣé àyè ṣì kù lórí disk rẹ̀? Mo ti rí ẹ̀rọ tí /boot rẹ̀, ibi tí kernel tó jẹ́ ọkàn ẹ̀rọ ń gbé, kún fún kernel àtijọ́, tí kernel tuntun wá balẹ̀ ní ààbọ̀. Ṣé aago rẹ̀ péye? Bátìrì kékeré inú kọ̀ǹpútà tó bá ti kú á mú kí aago padà sí ọdún mélòó kan sẹ́yìn nígbàkígbà tí iná bá lọ, apt yóò sì máa jiyàn pé fáìlì Release kò tíì tó àkókò tí a lè lò ó. Ẹni tí kò bá ronú kan aago lè lo odindi ọjọ́ kan lórí rẹ̀. Ṣé kò sí ohun mìíràn tó ń lo dpkg lọ́wọ́? Bí ẹ bá rí i pé lock-frontend, fáìlì àgádágodo dpkg, wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹ dúró dè é. Ìmọ̀ràn tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ẹ pa fáìlì náà rẹ́, ìmọ̀ràn burúkú ni, ó dà bí ìgbà tí a já kọ́kọ́rọ́ ilé ìwẹ̀ nítorí pé ẹni tó wà nínú rẹ̀ pẹ́.

Ti iná mànàmáná kò nílò àlàyé púpọ̀ fún àwa tí a wà níhìn-ín. Bí iná bá lọ nígbà tí dpkg wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹrù náà yóò wà láàárín méjì, àfi kí ẹ padà lọ tẹ dpkg --configure -a. Mo máa ń pe ẹni tó wà ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lórí fóònù kí n tó bẹ̀rẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé iná wà? Ṣé ìnfátà ṣì ní agbára?” Ti data náà wà ńbẹ̀. Ẹrù tó wúwo tó 300 MB, bí ẹ̀rọ 60 bá lọ ń wa á láti òkè òkun lọ́kọ̀ọ̀kan, 18 GB ni. Bí ẹ bá gbé apt-cacher-ng, ètò tó ń tọ́jú ẹ̀dà ẹrù pamọ́, sí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹrù yóò wọ ẹ̀ka náà, àwọn ẹ̀rọ á sì máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí ará ilé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024 tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já ní ẹ̀bá Côte d’Ivoire, ẹni tí ẹrù rẹ̀ ti wà nílé kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè tí ẹrù máa ń béèrè ń dá wàhálà sílẹ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Bí ẹ bá ti fọwọ́ kan fáìlì kan nínú /etc, ibi tí àwọn fáìlì ìtò sọ́fítíwià wà, tí ẹ̀dà tuntun sì mú tirẹ̀ wá, dpkg yóò dúró, yóò béèrè pé èwo ni kí òun mú. Bí ẹ bá wà níwájú ẹ̀rọ, ẹ ó dáhùn. Bí ẹ bá wà lọ́nà jíjìn tí kò sí ẹni tó máa dáhùn, iṣẹ́ yóò já sáàárín ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ gbà pé bí wọ́n bá ti kọ DEBIAN_FRONTEND=noninteractive, ìbéèrè ti tán. Kò tán. Àwọn ìbéèrè tó ń gba ọwọ́ debconf, ètò ìbéèrè tó wà nínú Debian, wá ni àṣẹ yẹn ń pa lẹ́nu mọ́. Ìbéèrè fáìlì /etc, dpkg fúnra rẹ̀ ló ń béèrè rẹ̀, --force-confdef pẹ̀lú --force-confold ni ẹ fi máa ń sọ fún un pé kí ó fi ti àtijọ́ sílẹ̀. Ní ti rpm, kò ní béèrè rárá. Lọ́pọ̀ ìgbà, yóò gbé tuntun sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú orúkọ tó parí sí .rpmnew, ẹ óò sì rí i lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Wàyí o, kí á sọ̀rọ̀ lórí rírán ẹrù sí gbogbo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìtàn méjì ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn sí ara wọn.

Èkíní ni ti Knight Capital, ilé-iṣẹ́ tó ń ra ìpín ìdókòwò tó sì ń tà á ní Amẹ́ríkà. Sáfà mẹ́jọ ni wọ́n fẹ́ fi sọ́fítíwià tuntun sí. Òṣìṣẹ́ wọn fi sí méje, ó gbàgbé ìkẹjọ, kò sì sí ẹlòmíì tó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 2012, bí ọjà ṣe ṣí, àkójọ àṣẹ àtijọ́ tí wọn kò lò mọ́ jí dìde lórí sáfà kẹjọ yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọjà, ó ń tà á, láìdúró. Láàárín ìṣẹ́jú 45, owó tí wọ́n pàdánù lé ní 460 mílíọ̀nù dọ́là. Ibi tó dùn mí jù nínú rẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n ń wá àtúnṣe, wọ́n yọ sọ́fítíwià tuntun kúrò lórí méje tó dára, méje yẹn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í hùwà bí ìkẹjọ. Wọ́n ní ọ̀nà àbọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò yẹ̀ ẹ́ wò rí, ibi tí wọ́n ti ń sá gan-an ló sì gbé wọn padà sí.

Èkejì ni ti Datadog, ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn ẹlòmíì ṣọ́ ẹ̀rọ wọn, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2023. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ wọn ló ń lo Ubuntu 22.04, wọ́n sì pín wọn sí ẹkùn márùn-ún lọ́dọ̀ àwọn tó ń yá ni ní sáfà, kí ìṣòro ẹkùn kan má baà ran èkejì. Ubuntu ní ètò kan tó máa ń gba ìmúdójú-ìwọ̀n ààbò wọlé fúnra rẹ̀ láàárín aago mẹ́fà sí méje àárọ̀ gẹ́gẹ́ bí aago ẹ̀rọ náà. Ti Datadog, UTC tó jẹ́ aago àgbáyé ni, èyí tó jẹ́ aago méje sí mẹ́jọ tiwa ní Nàìjíríà. Ẹ̀dà tuntun systemd, ètò tó ń tan àwọn iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ lórí ẹ̀rọ, dé ní àárọ̀ yẹn. Nígbà tí systemd-networkd, apá rẹ̀ tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó pa àwọn òfin ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kì í ṣe òun ló kọ ọ́ rẹ́, ẹ̀rọ sì ń bọ́ kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ẹkùn márààrún láàárín wákàtí kan náà. Odi tí wọ́n mọ láàárín àwọn ẹkùn dára. Aago kan náà ni gbogbo wọn ń wò. Ti Knight, ẹrù kò dé ibi gbogbo. Ti Datadog, ó dé ibi gbogbo pa pọ̀.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo pa ètò tó ń dá ṣiṣẹ́ yẹn lórí àwọn ẹ̀rọ tí kò gbọdọ̀ dákẹ́, mo sì ń rán ẹrù ní ìsọ̀rí. Ẹ̀rọ kan ló máa ń ṣáájú, ó sì gbọdọ̀ jẹ́ irú kan náà pẹ̀lú àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kì í ṣe kọ̀ǹpútà alágbèéká mi. Mo máa ń tún un bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹrù mìíràn wà tí kì í fi àbùkù rẹ̀ hàn àfi ìgbà tí ẹ̀rọ bá kú tó sì fẹ́ jí. Ní òpin oṣù Keje ọdún 2020, ìmúdójú-ìwọ̀n GRUB àti shim, àwọn tó ń jí ẹ̀rọ, tí Red Hat gbé jáde mú kí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ RHEL àti CentOS kọ̀ láti jí mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, ẹ̀rọ mẹ́ta tí ènìyàn wà nítòsí wọn, lẹ́yìn náà ni ìyókù, pẹ̀lú àṣẹ serial ti Ansible, kí ó sì dúró bí méjì bá kùnà. Nígbà tí ó bá sì parí, n kì í ka iye tí mo rán. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni mo ń bi pẹ̀lú dpkg-query -W pé ẹ̀dà wo ló wà lọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀rọ tí wọ́n pa ní ọjọ́ yẹn nítorí pé akọ̀wé wà ní ìsinmi ni sáfà kẹjọ tiwa.

Ti dídá ẹrù padà, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Debian kò ṣe ìlérí fún ẹnikẹ́ni pé ẹrù tuntun lè padà di ti àtijọ́ ní àlàáfíà, nítorí pé postinst lè ti yí dátà padà. Ẹ ya àwòrán disk sílẹ̀ pẹ̀lú LVM tàbí ZFS kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì gbìyànjú láti padà sórí àwòrán náà lẹ́ẹ̀kan, ní ọjọ́ tí kò sí wàhálà.

Ó ku ọ̀nà àbọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹrù mi bá fọwọ́ kan SSH, firewall tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo máa ń ṣí ojú iṣẹ́ méjì sórí ẹ̀rọ náà. Nínú èkíní, mo ń wò ó bóyá atd, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ ní àkókò tí a bá dá fún un, ń ṣiṣẹ́, mo sì ń fún un ní iṣẹ́ pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó pa ufw. Lẹ́yìn náà ni mo fi ẹrù sí i. N kò ní pa ojú iṣẹ́ èkíní dé. Inú èkejì ni mo ti ń gbìyànjú láti wọlé ní ọ̀tun, gẹ́gẹ́ bí àlejò tí kò wọ ilé náà rí. Bí ó bá gbà mí, mo fi atrm pa iṣẹ́ tí mo fún at rẹ́. Ní ọdún tó kọjá, ní ẹ̀ka kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò gbà mí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwọn sì já ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, ojú iṣẹ́ èkíní náà kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo gbé aago síwájú mi, mo ń wò ó. Nígbà tí ó pé ìṣẹ́jú mọ́kànlá, mo tún tẹ ssh, ẹ̀rọ náà sì béèrè ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé mi bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.